Kọ́kọ́rọ́ Ọrùn Julianah

Ẹni tó bá sọ fún yín pé iṣẹ́ apanilẹ́rìn-ín dùn, ẹ bi í bóyá ó ti sin òkú rí. Ìwé mẹ́fà ni mo ti kọ, ẹ̀rín ló kún inú gbogbo wọn. Bí mo bá wọ mọ́tò láti Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun lọ sí ibi iṣẹ́ ní Àbẹ̀rẹ̀, n kì í tíì jókòó tán tí àwọn èrò ọkọ̀ á fi ní kí n sọ ẹ̀fẹ̀ kan. Ọjọ́ tí inú ń run mí, tí mo dì mọ́ ikùn, ẹ̀rín ni wọ́n ń rín.

Ìwé àkọ́kọ́ ló fà á. Obìnrin ahun kan wà nínú rẹ̀ tí mo pè ní Ìyá Oníkọ́kọ́rọ́. Ó so kọ́kọ́rọ́ ilé mọ́ ọrùn nítorí kí ẹnikẹ́ni má baà jẹ ẹran ọbẹ̀ rẹ̀, ó ń gbé e wẹ̀, ó ń gbé e sùn. Bó bá kúnlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, kọ́kọ́rọ́ á máa dún, ìjọ á bú sẹ́rìn-ín, àlùfáà á sì kígbe pé, "Ẹ jọ̀ọ́, mi ò ṣeré o." Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ta ni mo fi ṣẹlẹ́yà? Julianah, ẹ̀gbọ́n mi tó tọ́ mi dàgbà ní Iléṣà. Orúkọ nìkan ni mo yí padà, òmùgọ̀ èmi.

Kò pé oṣù mẹ́ta tí gbogbo àdúgbò fi mọ̀ pé òun ni. Àwọn ọmọdé ń fi orúkọ náà pè é lójú títì, ẹgbẹ́ obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì náà gbà á lẹ́nu wọn. Ó tú okùn kọ́kọ́rọ́ kúrò lọ́rùn. Kò bá mi jà. Ì bá bá mi jà, ì bá sàn fún mi.

Lọ́dún yìí, àìsàn dá a dùbúlẹ̀, ó ránṣẹ́ pè mí. Ó ní òun mọ̀ pé èmi ni wọ́n máa ní kí n ka ìtàn ìgbésí ayé òun níbi ìsìnkú. Ó di ọwọ́ mi mú.

"Micah, sọ ti kọ́kọ́rọ́ yẹn fún wọn bó ṣe rí. Má jẹ́ kí n gbé orúkọ ahun wọ ilẹ̀."

Mo búra fún un.

Bó ṣe rí nìyí. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni Julianah nígbà tí bàbá àti ìyá wa kú sínú ìjàǹbá ọkọ̀ lọ́nà Ìwáràjà. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni mí. Ilẹ̀ sàárè ò tíì gbẹ tí àwọn mọ̀lẹ́bí fi kó ilé wa tán, tó ku ẹní kan ṣoṣo. Ẹnìkan nínú wọn tún ní òun á mú mi lọ fi ṣe ọmọ ọ̀dọ̀. Àárọ̀ ọjọ́ kejì, Julianah tì mí mọ́ yàrá, ó so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ọrùn, ó lọ sóko. Ọdún méjì ló fi ṣe bẹ́ẹ̀, kọ́kọ́rọ́ náà kò sì kúrò lọ́rùn rẹ̀ mọ́ láti ìgbà náà. Èmi ló ń tì pa, kì í ṣe ẹran ọbẹ̀. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, ó ní ẹ̀gbin ẹbí kò ṣe é tú síta. Mo mọ gbogbo èyí nígbà tí mo ń kọ ìwé mi. Ẹ̀rín ni mo ń wá.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, mo dìde níwájú ṣọ́ọ̀ṣì. N ò tíì la ẹnu tí àwọn kan ti ń fi ọwọ́ bo ẹnu. Mo kà á pé ẹ̀gbọ́n mi so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ọrùn. Ṣọ́ọ̀ṣì hó gèè.

"Ẹ jọ̀ọ́," mo ní, "mi ò ṣeré o."

Háà, ẹnu mi yìí! Wọ́n ń gbá bẹ́ńṣì. Àlùfáà fi ìwé orin bojú. Mo ṣáà ń kà á lọ, mo dé ibi tí mo ti ń sunkún lẹ́yìn ilẹ̀kùn, omi sì bọ́ lójú mi. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ojú ẹnìkan ṣoṣo tí yóò gbọ́ mi. Ìléríolúwa, àkọ́bí ẹ̀gbọ́n mi, wà níwájú nínú aṣọ dúdú, ó fi áńkáṣíìfù bojú, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ọmọ ń sunkún ìyá rẹ̀. Ó mú áńkáṣíìfù kúrò lójú. Ẹ̀rín ló ń rín.