Àpótí Tí Ìkookò Gbé Lọ

Galefele gun orí àpótí náà tòun ti bàtà iṣẹ́ lẹ́sẹ̀, ó dúró ṣinṣin, ó sì fò sókè lẹ́ẹ̀mejì. Ìdérí rẹ̀ tẹ̀ díẹ̀, ó sì padà sípò. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó fi àtàǹpàkò tọ etí rẹ̀ yí ká láti wò ó bóyá ó ti là.

"Mma, àpótí ni mò ń tà níbí o. Mi ò ta pèpéle ijó," Rra Moatlhodi tó ni ṣọ́ọ̀bù wí láti ẹ̀yìn káńtà. Mma ni wọ́n fi ń bọ̀wọ̀ fún obìnrin níbẹ̀, Rra ni ti ọkùnrin.

"Orí rẹ̀ làwọn àlejò máa jókòó sí jẹun, Rra. Àwọn míì nínú wọn sì tóbi jù mí lọ ní ìlọ́po méjì."

"Ó dáa. Ẹ ṣáà rọra fò."

Mẹ́ta ni Galefele yà sọ́tọ̀ nínú gbogbo èyí tó wà nílẹ̀. Àkọ́kọ́ jẹ́ àpótí irin, irú èyí táwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ máa ń gbé lọ sílé ìwé ibùgbé. Èkejì jẹ́ ike fẹ́lẹ́ tí èèyàn lè fi ìka kan gbé. Ẹ̀kẹta, èyí tó fò lé lórí, jẹ́ ike nínípọn, ó ní ìkọ́ mẹ́rin, rọ́bà dúdú sì yí etí rẹ̀ po níbi tí ìdérí ti ń bá a pàdé. Ó bẹ Rra Moatlhodi pé kó jẹ́ kóun kó wọn lọ sílé fún ọ̀sẹ̀ kan. Ọkùnrin náà kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ nígbà tó gbọ́ pé méjìdínlógún ni ilé-iṣẹ́ tó rán an fẹ́ rà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó bá a gbé wọn dé ẹ̀yìn ọkọ̀.

Olórí àgọ́ ni Galefele fún Mma Ontlametse, tó ń fi jíìpù mẹ́ta kó àwọn àlejò láti ìlú Maun wọ inú igbó ẹranko. Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n ń lò nínú igbó nígbà míì, ó sì lè tó mẹ́wàá. Kò sí ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀. Ohun tí wọn ò bá dì sínú àpótí láti ilé, wọn ò ní i nìyẹn. Àwọn àpótí tó wà nílẹ̀ ti gbó. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí àwọn àlejò ìgbà ẹ̀rùn dé, Mma Ontlametse sì ti sọ ohun tó fẹ́ fún un.

"Irú kan ṣoṣo ni kó o mú, kó kárí jíìpù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìwọ lò ń dì í, ìwọ ni kó o yàn án. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ gbọ́ ìtàn ìkookò mọ́ láéláé."

Gbogbo ọmọ iṣẹ́ ló mọ ìtàn ìkookò náà. Ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹjọ ọdún tó kọjá ni, lẹ́bàá odò Khwai. Ìkookò kan wọ́ àpótí oúnjẹ jáde láàárín táyà ẹ̀yìn jíìpù, ó sì gbé e lọ. Nígbà tílẹ̀ mọ́, wọ́n rí i ní nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún ìṣísẹ̀ sí àgọ́, ó ti fi eyín ya á sí méjì, ìyẹ̀fun àti ìrẹsì sì fọ́n ká sórí koríko. Ó ṣì ku ọjọ́ méjì kí wọ́n tó jáde. Àlejò mẹ́fà ló wà níbẹ̀. Àlùbọ́sà mọ́kànlá, páálí bísíkíìtì méjì àti ṣúgà inú àpótí tíì ni gbogbo ohun tó kù, torí pé àárọ̀ ọjọ́ tó ṣáájú ni ẹran ti tán. Galefele ló pín in. Ó rántí iye bísíkíìtì tó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan: mẹ́rin láàárọ̀, mẹ́ta nírọ̀lẹ́.

Àwọn àlejò náà kọ̀wé ẹ̀sùn sí àwọn tó fi wọ́n ránṣẹ́ láti òkè òkun, àwọn yẹn sì kọ̀wé sí Mma Ontlametse pé tó bá tún ṣẹlẹ̀, àwọn ò ní rán ẹnikẹ́ni wá mọ́. Ó di dandan kí ẹnì kan lọ. Keoagile ló lọ. Òun ni olórí àgọ́ nígbà yẹn, òun ló ń wa jíìpù, òun ló sì gbé àpótí náà sábẹ́ ọkọ̀. Galefele wà ní ọ́fíìsì lọ́jọ́ tí wọ́n pè é. Ọkùnrin náà di fìlà rẹ̀ mú níwájú ikùn.

"Ibẹ̀ náà ni mo ti ń gbé e sí láti ọdún mọ́kànlá, Mma," ó wí. "Ìkookò ò yà síbẹ̀ rí."

Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, Mma Ontlametse kó kọ́kọ́rọ́ àwọn àpótí oúnjẹ fún Galefele, tó ti ń se oúnjẹ fún un láti ọdún mẹ́sàn-án. Owó oṣù rẹ̀ lé. Ohun tó lé lórí rẹ̀ yẹn ni ọmọ rẹ̀ obìnrin fi ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Gaborone.

Ní ilé, ó dán àwọn àpótí náà wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó bu omi lé wọn lórí. Ó di ìyẹ̀fun, ṣúgà àti tòmátò alágolo sínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, iye kan náà, ó sì bẹ aládùúgbò kan tó ń wa ọkọ̀ ẹrù pé kó so wọ́n mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀ lọ sí Shorobe àti bọ̀. Ibi tí ọ̀dà ti tán lójú ọ̀nà yẹn, ilẹ̀ rẹ̀ rí gbágungbàgun bíi páànù ìkọ́lé, ó sì máa ń gbọn nǹkan títí yóò fi tú. Nígbà tí wọ́n dé, ó ṣí wọn, ó sì kọ ohun tó rí sínú ìwé kan tó ṣẹ́ kù láti ìgbà tó ń lọ sílé ẹ̀kọ́ alẹ́. Nínú àpótí irin, ìyẹ̀fun ti pọ́n fún eruku, agolo tòmátò kan sì ti ha ara rẹ̀ mọ́ irin títí ó fi lu. Ìdérí ike fẹ́lẹ́ ti ṣí fúnra rẹ̀ lójú ọ̀nà. Nínú ike nínípọn, ìyẹ̀fun funfun bó ṣe wà nígbà tó dà á sí i.

Ohun kan ṣoṣo ló kù díẹ̀ káàtó lára rẹ̀. Rọ́bà etí rẹ̀ le, kì í jẹ́ kí ìdérí wọlé dáadáa àfi téèyàn bá jókòó lé e. Galefele mọ ohun tí wọ́n ń ṣe sí ìyẹn. Ó mú ìgò ọ̀rá ìrù àgùntàn láti ibi ìdáná, ó sì fi ìka pa á mọ́ rọ́bà náà yí po, bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń fi pa okùn awọ tí wọ́n fi ń so màlúù mọ́ kẹ̀kẹ́ ẹrù ní abà, kó má baà gbẹ kó sì là. Ìdérí náà wọlé wẹ́rẹ́. Ó fi àwọn àpótí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀ nínú àgbàlá, tòun ti ìyẹ̀fun, ṣúgà àti agolo inú wọn, ó ní kí ìrì sẹ̀ sí wọn lára kóun lè mọ èyí tí omi ń wọ̀.

Láàárọ̀, ó gbé omi tíì kaná, ó sì jáde lọ wò wọ́n. Àwọn ajá àdúgbò ti wọlé láti ibi tí ọgbà ti ya. Wọ́n ti yí ike nínípọn dojú dé, wọ́n ti gé igun rẹ̀ jẹ, wọ́n sì ti fa rọ́bà rẹ̀ yọ gbọọrọ bí ìfun. Ojú eyín wà lára rẹ̀ káàkiri. Wọn ò fi imú kan ike fẹ́lẹ́ tí ìdérí rẹ̀ ò tilẹ̀ dé dáadáa. Wọn ò kan irin.

Ó dúró síbẹ̀ títí omi fi hó tó sì dà sínú iná.

Kò sí ẹran nínú ìkankan nínú wọn. Kò sí ẹran nínú àpótí ti Khwai náà. Látọdún tó kọjá ló ti máa ń bi ara rẹ̀ pé kí ni ìkookò ń fi ìyẹ̀fun ṣe. Ó wá rántí pé ọdún yẹn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi rọ́bà tuntun sí àpótí oúnjẹ, àti pé láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n gbéra ní Maun, nígbà tí Keoagile ń ká àgọ́, òun jókòó sórí òkúta lẹ́gbẹ̀ẹ́ jíìpù, òun fi irú ọ̀rá yìí pa rọ́bà náà. Ó tilẹ̀ rántí orin tóun ń kọ.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ló kó àwọn àpótí náà lọ sí ọ́fíìsì. Mma Ontlametse jáde bá a níta, ó yí wọn po, ó bẹ̀rẹ̀ wo igun tí wọ́n gé jẹ.

"Kí ló ṣe eléyìí?"

"Ajá ni, Mma."

"Ajá lásán." Ó na ẹ̀yìn rẹ̀. "Wàhálà wa tán nìyẹn. Ajá ṣe é báyìí, kí ni ìkookò á wá ṣe sí i? Ti irin ni ká mú. Lọ sọ fún Moatlhodi pé méjìdínlógún."

Ó ti ń padà wọlé. Kò sí ohun tó kù kí Galefele ṣe ju kó sọ pé ó dáa lọ. Irin ò ní rọ́bà. Ẹnikẹ́ni ò ní fi nǹkan pa á mọ́, ẹnikẹ́ni ò sì ní béèrè. Eruku yóò máa wọ ìyẹ̀fun, àwọn àlejò yóò máa jẹ ẹ́, ìyẹn ò sì pa ẹnikẹ́ni rí.

Ó ṣí báàgì rẹ̀, ó gbé ìgò ọ̀rá náà jáde, ó sì gbé e lé orí àpótí.

"Mma," ó wí, "ẹ dúró ná."

Ó sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sì gùn. Mma Ontlametse mú ìgò náà, ó ṣí i, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì dé e padà.

"Ta ló tún mọ̀?"

"Èmi nìkan. Àti ẹ̀yin báyìí."

"O lè má sọ ọ́. Irin ni mo fẹ́ rà."

"Ike nínípọn yìí ló dáa jù, Mma. Tí a ò bá fi ọ̀rá pa á, kò sóhun tó máa wá a wá."

Mma Ontlametse jókòó lé àpótí irin. "Ọwọ́ mi ni mo fi kọ lẹ́tà tí mo fi lé ọkùnrin yẹn lọ," ó wí. "Olórí àgọ́ méjì ò sí lọ́dọ̀ mi, Galefele. O mọ̀ bẹ́ẹ̀."

"Mo mọ̀."

"Ọmọ rẹ ṣì ń kàwé."

"Ó ku ọdún kan àti oṣù mẹ́rin."

Mma Ontlametse wo ojú ọ̀nà. Ó ní kó lọ sọ fún Keoagile fúnra rẹ̀, pé òun yóò pè é tó bá di ìrọ̀lẹ́, nítorí òun náà ní ohun tóun máa sọ. Ó ní kó ra ike nínípọn. Kò dá ìgò náà padà fún un.

Abẹ́ igi lẹ́bàá ọ̀nà pápákọ̀ òfuurufú ni Keoagile ti ń lẹ táyà látìgbà tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó na rọ́bà inú táyà kan sórí eékún nígbà tí Galefele dé, ó ń fi irin ha ibi tó lu. Ó ní kó jókòó, Galefele sì jókòó sórí táyà. Ó sọ ohun tó wá sọ. Keoagile ò gbójú sókè títí ó fi parí, ọwọ́ rẹ̀ ò sì dúró.

"Ọ̀rá ìrù àgùntàn," ó wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Rra."

"Lára rọ́bà."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ó fi gọ́ọ̀mù sí ibi tó ha, ó sì ń fẹ́ atẹ́gùn sí i kó gbẹ. "Ìyàwó mi ní bóyá ibòmíràn ni mo gbé e sí tí mi ò rántí. Ó ní àgbà ti ń dé. Nígbà tó yá, èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó bẹ́ẹ̀. Mo máa ń jókòó síbí yìí, màá tún àpótí yẹn gbé láti orí ọkọ̀ sí abẹ́ ọkọ̀, lọ́kàn mi, màá máa wá ibi tí mo ti ṣì í."

Galefele ti tọrọ àforíjì lẹ́ẹ̀kan. Kò tún un tọrọ. Ó ní Mma Ontlametse máa pè é nírọ̀lẹ́.

"Jẹ́ kó pè." Ó lẹ rọ́bà náà, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. "Àpótí wo lo wá mú?"

"Ike nínípọn. Rọ́bà rẹ̀ le díẹ̀ ni."

Keoagile na ọwọ́ sí agolo kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó bu pọ́dà funfun, ó sì fi pa rọ́bà táyà náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. "Eléyìí lo máa fi pa á," ó wí. "Kò ní òórùn kankan. Ọ̀rá máa ń ba rọ́bà jẹ́, kódà tí kò bá sí ìkookò. Ọdún mẹ́sàn-án la fi jọ ṣiṣẹ́, o ò bi mí rí."

"Mi ò mọ̀ pé ó yẹ kí n béèrè."

Ó mi orí. Galefele kó ìdì kọ́kọ́rọ́ jáde, ó gbé e sórí àpótí irinṣẹ́ rẹ̀. Àgádágodo àtijọ́ náà ni wọ́n máa fi sí àwọn àpótí oúnjẹ tuntun. Keoagile nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò, ó mú un, ó sì fi ìka yà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Márùn-ún," ó wí. "Mẹ́fà ni mo kó sílẹ̀."

Galefele tú etí dúkú rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ kẹfà wà níbẹ̀, ti àpótí tí ìkookò gbé lọ, ó kéré, ó ti ń dípẹtà. Àti ọjọ́ tí wọ́n kó wọn fún un ló ti yọ ọ́, kò sì mọ ìdí tí kò fi jù ú nù.

"Kò sí ohun tó máa ṣí mọ́, Rra."

"Mo mọ̀," Keoagile wí. Ó fi í sínú òrùka náà láàárín àwọn tó kù, ó kó gbogbo rẹ̀ sápò àyà, ó sì fa táyà tó kàn súnmọ́ ara rẹ̀, nítorí ó ti ṣèlérí fún ẹni tó ni ín pé yóò parí rẹ̀ lónìí.