Ewé Tó Wà Lábẹ́ Òjò

3.

…ni mo bá fọ síkírínì náà, férémù alàwọ̀n tí a fi ń tẹ bátànì sára aṣọ, lẹ́ẹ̀kan péré, mo gbé e ti ògiri, mo nu ọwọ́ mi, mo bá tèmi lọ.

(Ẹ má wulẹ̀ wá ọ̀kan àti èjì. Mo ti fà wọ́n ya. Irọ́ ló kún inú wọn, irọ́ dídùn pàápàá.)


4.

ÌKÉDE
(ara ògiri yàrá tí a ti ń tẹ bátànì sára aṣọ)

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, mo tún ti dé o. Ẹni tó bá fẹ́ lo síkírínì tí ẹlòmíì ti lò:

ÀKỌ́KỌ́: ẹ fi omi fọ bátànì àtijọ́ kúrò.
ÌKEJÌ: ẹ da oògùn inú ike funfun sí àwọ̀n rẹ̀, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbo ó dáadáa, ẹ tún fọ̀ ọ́.

Ẹni tó bá ṣe àkọ́kọ́ tí kò ṣe ìkejì, òjìji iṣẹ́ àtijọ́ yóò jáde lára aṣọ rẹ̀. Kó má wá bá mi sunkún.

Bàbá Síkírínì


5.

Ta ni Jẹ́jẹ́?

Ọ̀rẹ́ mi ni. A jọ ń kọ́ iṣẹ́ yíya bátànì aṣọ, a sì jọ lo tábìlì kan fún ọdún méjì. Èmi ni mo sọ ọ́ ní Jẹ́jẹ́. Bí wọ́n bá ní ká ya òdòdó, gbogbo kíláàsì á ti yà á tán, Jẹ́jẹ́ á ṣì jókòó síwájú òdòdó náà, á máa wò ó bí ẹni tó fẹ́ fẹ́ ẹ sílé.

Kì í ya ewé tó gún régé. Ewé tí kòkòrò ti jẹ ló fẹ́ràn: ihò lọ́tùn-ún, ihò lósì, etí tó ti gbẹ. Mo bi í pé ta ló máa ra aṣọ tó ti lu kó tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀rín ló fi dá mi lóhùn.

Ó ní ikọ́ fée. Èémí rẹ̀ máa ń dún. Ó ti mọ́ wa lára débi pé a kì í gbọ́ ọ mọ́.


6.

OJÚ BỌ́Ọ̀DÙ, LỌ́WỌ́ OLÙKỌ́ WA

Ẹ ya ohun tí ẹ fi ojú yín rí níta. Kì í ṣe ohun tí ẹ rí lórí fóònù.
Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí ẹnikẹ́ni ò fi ọwọ́ ṣe: omi, ewé, òkúta, ìyẹ́ ẹyẹ.
Tábìlì kan, bátànì kan. Òun ni yóò lọ sí ìpàtẹ ọjà.


6, síbẹ̀.

Tábìlì kan, bátànì kan. Àwa méjì la wà nídìí tábìlì tiwa.

Àwọn ilé-iṣẹ́ aṣọ máa ń wá síbi ìpàtẹ náà. Bí wọ́n bá mú bátànì ẹni, wọ́n á gba ẹni náà síṣẹ́. Bàbá mi sì ti sọ ọ́ gbangba: bí ìpàtẹ yìí bá kọjá lásán, kí n palẹ̀ ẹrù mi mọ́, kí n wá jókòó ti òun ní ṣọ́ọ̀bù táyà.

Èmi yan òjò. Ìkán omi lórí adágún, òrùka nínú òrùka. Ilẹ̀ aṣọ náà á jẹ́ búlúù látòkè délẹ̀, òjò á wà lójú rẹ̀ ní funfun.

Jẹ́jẹ́ yan ewé rẹ̀ tó ti lu.


7.

Bó ṣe lọ nìyí. Mo rántí gbogbo ẹ̀.

ÈMI: Òjò tèmi ti parí. Ewé tìẹ ńkọ́?
JẸ́JẸ́: Ó ku díẹ̀.
ÈMI: Ó ku díẹ̀, ó ku díẹ̀! Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lo ti ń sọ bẹ́ẹ̀.
JẸ́JẸ́: Mo ti tẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mẹta. Etí ẹ̀ ò tíì bára mu ni. Wá wò ó.
ÈMI: Mi ò wò ó. Ìpàtẹ ò ní dúró de ìgbín.
JẸ́JẸ́: Ká pa méjèèjì pọ̀ ńkọ́? Òjò lórí ewé.
ÈMI: Òjò tèmi ò nílò ewé ẹnikẹ́ni.

Kò bínú. Ó kàn fa èémí sínú, mo sì gbọ́ ọ lọ́jọ́ yẹn.


8.

Ní ọjọ́ kejì, láago méjì ọ̀sán, ó pè mí, mo sì ń wo fóònù náà títí ó fi dákẹ́.


9.

Olùkọ́ ló wá sọ fún wa ní kíláàsì. Ó ní ikọ́ náà ló ká a mọ́lé, kò sẹ́nì kankan lọ́dọ̀ rẹ̀. Nígbà tí ìyá rẹ̀ fi máa ti ibi iṣẹ́ dé, ẹ̀mí ti bọ́.

Ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún lẹ́yìn kíláàsì. Mo ń bínú sí i. Kò bá Jẹ́jẹ́ sọ ju "ṣé o ní írésà" lọ láti ọjọ́ tí a ti wọlé.


10.

OHUN TÓ WÀ NÍNÚ DÚRỌ́Ọ̀ JẸ́JẸ́
(èmi ni wọ́n ní kí n kó o jáde)

pẹ́ńsù mẹ́rin, ó ti jẹ ẹ̀yìn gbogbo wọn
ike oògùn tó máa ń fà sẹ́nu. Ó ti tán
ewé mọ́kànlá láàárín ìwé ìròyìn, gbígbẹ
súwẹ́tà mi tí mo ti ní ó sọnù
síkírínì kan, bátànì ewé ṣì wà lára rẹ̀

Olùkọ́ ní kí n di ẹrù náà ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀. Ó ní síkírínì ò pọ̀ ní tiwa, kí n fọ ìyẹn kí n fi tẹ òjò mi. Ó fi ọwọ́ kan èjìká mi bó ṣe ń sọ ọ́.


11.

Ọmọ kíláàsì wa kan wà tí a ń pè ní Ọ̀gá Àwọ̀, torí kò sí ẹni tó lè po àwọ̀ tó o. Òun ló po búlúù fún mi. A tẹ́ aṣọ náà sórí tábìlì gígùn, òun di férémù mú, èmi ń fi rọ́bà fa àwọ̀ náà lọ bọ̀.

Rọ́bà náà ń dún lórí àwọ̀n. Ó lọ, ó dún. Ó bọ̀, ó dún. Mo mọ ìró yẹn. Mo jókòó tì í fún ọdún méjì.

Mo ní kí Ọ̀gá Àwọ̀ máa kọrin. Ó bi mí pé orin wo. Mo ní orin kórin.

Nígbà tí aṣọ gbẹ, a gbé e sójú fèrèsé. Òjò mi wà níbẹ̀, funfun, ó gún régé. Lábẹ́ rẹ̀, nínú búlúù, ewé wà. Wọn ò hàn ketekete. Ibi tí wọ́n wà kàn fúyẹ́ díẹ̀ ju ibi tó kù lọ. Ihò lọ́tùn-ún, ihò lósì. Gbogbo ibi tí mo ti gbé síkírínì kalẹ̀ ni wọ́n wà, láti ìbẹ̀rẹ̀ aṣọ dé òpin.

Etí wọn sì bára mu.


12.

BÀBÁ SÍKÍRÍNÌ (bàbá àgbà tó ń tọ́jú síkírínì gbogbo ilé-ẹ̀kọ́): Ìwọ ọmọ yìí, o ṣe ìkejì?
ÈMI: Mo gbàgbé, sà.
BÀBÁ SÍKÍRÍNÌ: Ó wà lára ògiri. Lẹ́tà ẹ̀ tóbi ju orí ẹ lọ.
ÈMI: Ẹ má bínú, sà.
BÀBÁ SÍKÍRÍNÌ: Ta ló ni síkírínì yìí tẹ́lẹ̀?
Ọ̀GÁ ÀWỌ̀: Ti Jẹ́jẹ́ ni, sà.
BÀBÁ SÍKÍRÍNÌ: Háà.

(Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó nù ún, ó sì tún nù ún.)

BÀBÁ SÍKÍRÍNÌ: Ṣé wàá tún un tẹ̀?
Ọ̀GÁ ÀWỌ̀: Sà, ká sọ tòótọ́, ó dáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.


13.

Mo gbàgbé.


14.

Mi ò gbàgbé. Ike funfun ọ̀hún wà lọ́wọ́ mi, mo ti ṣí ìdérí rẹ̀. Mo gbé síkírínì sókè kí ìmọ́lẹ̀ lè gba inú àwọ̀n rẹ̀ kọjá, mo rí àwọn ewé náà, apá mi ò sì gbé e. Kò sí ẹni tó máa fi búrọ́ọ̀ṣì gbo ọ̀rẹ́ rẹ̀ dànù tí oúnjẹ máa lọ lọ́fun rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà.


14, bí mo bá fẹ́ kú láìparọ́.

Mo rántí pé ó ní òjò lórí ewé. Mo mọ̀ pé ó máa rẹwà. Mo dé ike náà padà.


15.

ÀTẸ̀JÍṢẸ́ TÍ MO FI RÁNṢẸ́ SÍ NỌ́ŃBÀ JẸ́JẸ́

Ọjọ́ Ajé: Ó jáde o. Etí ẹ̀ bára mu. O ò bá wá wò ó.
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun: Wọ́n ti mú un fún ìpàtẹ. Olùkọ́ ní mo ti dàgbà nínú iṣẹ́.
Ọjọ́rú: Orúkọ mi nìkan ni mo kọ sí i.
Ọjọ́rú: Mo jí ewé rẹ.
Ọjọ́bọ̀: Ṣé torí ikọ́ yẹn lo ṣe pè mí?
Ọjọ́bọ̀: Kí ló dé tó o pe èmi tí mo burú báyìí?

Ní Ọjọ́bọ̀ kan náà ni àmì méjì tó wà lábẹ́ gbogbo wọn di búlúù.

Ẹnì kan ti kà wọ́n. Mo sáré pa èyí tó kẹ́yìn rẹ́.


16.

Mi ò fi fóònù náà sápò mọ́. Nílé, inú ìkòkò tó ṣófo ni mo ń gbé e sí, mo sì ń dé e. Ẹ rẹ́rìn-ín. Kò tíì ṣe yín rí ni.


17.

ÌPÀTẸ, ỌJỌ́ KÌÍNÍ

Gbọ̀ngán ńlá, iná funfun, kápẹ́ẹ̀tì tó ń gbé ẹni ṣubú. A so aṣọ kọ́. Mo lẹ káàdì mọ́ ọn: ÒJÒ. Lábẹ́ rẹ̀, orúkọ mi, lẹ́tà gàdàgbà.

Obìnrin kan dé láti ilé-iṣẹ́ aṣọ, bàtà rẹ̀ ò dún. Ó ti kọjá wa lọ, ó wá padà.

OBÌNRIN NÁÀ: Ìwọ lo yà á?
ÈMI: Òjò yẹn, bẹ́ẹ̀ ni, mà.
OBÌNRIN NÁÀ: Mi ò béèrè òjò. Òjò pọ̀ ní gbọ̀ngán yìí bí ẹni pé omi fẹ́ kún un. Ewé abẹ́ ẹ̀ ni mò ń sọ. Báwo lo ṣe ṣe é tó fi lọ tí kò sì lọ tán?
(Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tún káàdì náà lẹ̀.)
OBÌNRIN NÁÀ: Ó dáa, àṣírí iṣẹ́ ni. Ó yé mi. Lọ́la, màá mú ìwé wá kó o fọwọ́ sí i. Bẹ̀rẹ̀ sí í ronú ọjọ́ tó o fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ọ̀gá Àwọ̀ gbé mi sókè. Mo ní kó gbé mi sílẹ̀.


18.

Àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé. Láti ọ̀dọ̀ Jẹ́jẹ́.

Ibo ni ìpàtẹ náà wà?


19.

Fóònù bọ́ lọ́wọ́ mi. Ọ̀gá Àwọ̀ ló mú un nílẹ̀. Ó kà á, ojú rẹ̀ yí padà, ó wá fi agídí múra gírí.

Ọ̀GÁ ÀWỌ̀: Òkú kì í béèrè ọ̀nà. Èèyàn lèyí.
ÈMI: Ṣé ó dá ẹ lójú?
Ọ̀GÁ ÀWỌ̀: Rárá. Ṣáà fi àdírẹ́sì ránṣẹ́ sí i.


20.

ÌPÀTẸ, ỌJỌ́ KEJÌ

Ìyá kúkúrú kan, aṣọ iṣẹ́ àwọn tó ń tọ́jú hòtẹ́ẹ̀lì lọ́rùn, fóònù Jẹ́jẹ́ lọ́wọ́. Èémí rẹ̀ ò dún. Mo kọ́kọ́ tẹ́tí sí ìyẹn.

Mo kúnlẹ̀.

ÌYÁ: Dìde. Kápẹ́ẹ̀tì yẹn dọ̀tí.
ÈMI: Ẹ káàsán, mà.
ÌYÁ: Mo ń ṣáàjì ẹ̀ lójoojúmọ́. Mi ò fẹ́ kó kú sí mi lọ́wọ́. Èmi ni mò ń ka ohun tó ò ń kọ.
ÈMI: Gbogbo ẹ̀, mà?
ÌYÁ: Gbogbo ẹ̀. Títí kan èyí tó o pa rẹ́, mo ti kà á kó o tó pa á.

(Ó sún mọ́ aṣọ. Ó fi ìka kan tọ etí ewé kan, ó dé ibi ihò, ó dúró.)

ÌYÁ: Igi ẹ̀yìn ilé ìdáná wa nìyí. Gbogbo ìgbà ni mò ń pariwo pé ká gé e, kòkòrò ẹ̀ pọ̀.
ÈMI: Mà, ó pè mí lọ́jọ́ yẹn. Mi ò gbé e.
ÌYÁ: Mo rí i. Ó wà nínú fóònù.
ÈMI: Ẹ dárí jì mí.
ÌYÁ: Kó tó pè ẹ́, èmi ló kọ́kọ́ pè. Ẹ̀ẹ̀mejì. Wọn kì í jẹ́ ká mú fóònù dání bí a bá ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

(Gbọ̀ngán ń pariwo lọ ní tirẹ̀.)

ÈMI: Mà, mo ti pinnu. Bí obìnrin yẹn bá dé, màá sọ pé Jẹ́jẹ́ ló ya ewé náà. Orúkọ ẹ̀ ni màá kọ.
ÌYÁ: Wọ́n á ní ibo ló wà.
ÈMI: Màá sọ fún wọn.
ÌYÁ: Ta ló máa ra aṣọ òkú? Ìwọ máa rà á?
ÈMI: Mà…
ÌYÁ: Wọ́n á ká a kúrò lórí ògiri yìí lójú ẹsẹ̀, wọ́n á sì máa bá mi kẹ́dùn. Mo ti gba ìkẹ́dùn tó. Mo fẹ́ jókòó nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ kan, kí ẹni tí mi ò mọ̀ rí wọ aṣọ yìí wọlé wá jókòó tì mí. Fi orúkọ tìẹ sí i.
ÈMI: Mi ò lè ṣe é, mà. Olè ni màá jẹ́ títí tí màá fi kú.
ÌYÁ: Bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní kó o ṣe é.


21.

Obìnrin ilé-iṣẹ́ aṣọ dé. Ó kí ìyá náà bí a ṣe ń kí oníbàárà.

"Ẹ kú ìrìn, mà. Aṣọ yìí wù yín?"

"Ó wù mí."

"Kò sí ẹni tí kò wù." Ó tẹ́ ìwé kalẹ̀ níwájú mi, ó sì fún mi ní bírò. "Jọ̀ọ́, kọ ọ́ kó ṣeé kà."

Àwọn méjèèjì ń wo ọwọ́ mi.


22.

ÌWÉ ÀDÉHÙN

Irú iṣẹ́: bátànì aṣọ
Àwọ̀: búlúù
Ẹni tó yà á (orúkọ ẹnì kan ṣoṣo):