Eyín Bàbá Kan

Oṣù mẹ́ta ni èmi àti bàbá mi fi fa ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ni wọ́n, ó sì ti pé ọdún mẹ́rìnlá tí wọ́n ti ń gbé lọ́dọ̀ mi ní Riverdale, ní Amẹ́ríkà. Wọ́n fẹ́ kí n búra pé bí ọlọ́jọ́ bá dé, mo máa gbé wọn lọ sí Ìsẹ́yìn, kí n sin wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá mi. Mo ní mi ò búra. Mùsùlùmí ni wá, a kì í jẹ́ kí òkú pẹ́ nílẹ̀. Ará mọ́ṣáláṣí wa kan tó kú lọ́dún tó kọjá, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ló lò ní ilé òkú kí ìwé tí wọ́n máa fi gbé e lọ sílé tó pé. Òótọ́ ni mo ń sọ, àmọ́ kì í ṣe gbogbo òótọ́. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Mi ò fẹ́ kí sàréè bàbá mi jìnnà sí mi.

Bàbá ní olóríkunkun ni mí. Bí ẹni pé wọn ò mọ ibi tí mo ti jogún ẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo gbé wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín ní Fayetteville. Nusaybah, ọmọ mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì, bá wa lọ. Dókítà yọ eyín ńlá kan ní ẹ̀yìn ẹnu Bàbá, Bàbá sì ní kó mú un fún àwọn. Nílé wa, eyín tí wọ́n bá yọ, a máa ń rì í mọ́lẹ̀ ni, a kì í jù ú sínú pàǹtí. Wọ́n wé e sínú aṣọ ìnujú wọn.

Bí a ṣe ń padà bọ̀, Nusaybah ń sọ nípa iṣẹ́ iléèwé tó fẹ́ fún olùkọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ó sọ fún Bàbá nípa àwọn Anglo-Saxon, àwọn tó gba ojú òkun láti ìhà Jámánì àti Denmark wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní nǹkan bí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀jọ ọdún sẹ́yìn. Ó ní kì í ṣe ọmọ ogun nìkan ló wá, tọkọtaya pẹ̀lú wá, wọ́n kọ́lé, wọ́n dáko, wọn ò sì padà mọ́. Bàbá bi í pé nígbà tí àwọn àgbà wọn kú ńkọ́, ṣé wọ́n gbé òkú wọn lọ sílé? Ó ní rárá, ibi tí wọ́n tẹ̀dó sí náà ni wọ́n sin wọ́n sí.

Bàbá yíjú sí fèrèsé. Mo rò pé inú ti bí wọn.

“Wọ́n ti sọnù nìyẹn,” ni wọ́n wá sọ. “Ta ló máa mọ ibi tí wọ́n ti wá?”

“Ah no, Bàbá,” ni Nusaybah fèsì. “Scientists máa ń mọ̀. Wọ́n máa test teeth wọn. Omi tí èèyàn mu nígbà tó wà ní kékeré, it stays there. Títí láé.”

Bàbá tú aṣọ ìnujú náà, wọ́n sì ń wo eyín inú rẹ̀. Wọ́n tún bèèrè bóyá ó dá a lójú, lẹ́yìn gbogbo ọdún yẹn. Ó ní ó dá òun lójú. Mo rí wọn nínú dígí mọ́tò, wọ́n ń fi ahọ́n ka èyí tó kù lẹ́nu.

Nígbà tí a délé, Bàbá ò tètè sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n fi aṣọ ìnujú náà sí mi lọ́wọ́, wọ́n sì pa ìka mi dé lé e.

“Yakub, tó o bá lọ sílé ní December, gbẹ́lẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá ẹ, kó o rì í síbẹ̀. Ìyẹn ni kó o búra fún mi.”

Mo búra. Mo ní, “Ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́, Bàbá?”

Wọ́n wo Nusaybah, tó ti ṣílẹ̀kùn, tó sì gbé ọ̀pá wọn dání.

“Ibi tí ọmọ yìí lè wa mọ́tò dé ni kẹ́ ẹ sin mí sí. Eyín méje ló kù. Àwọn ló máa sọ ìlú mi fún ẹni tó bá bèèrè.”