Eyín Mi Pè Mí Lẹ́jọ́

Ẹ fara balẹ̀, ẹ̀yin ará ilé wa. Mo rí i bí ẹ ti ń yọjú wo ẹnu ọ̀nà, tí ẹ ń bi ara yín ohun tó dá ìsọmọlórúkọ yìí dúró. Mo ń bọ̀ wá síbẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀ ná. Ní gbogbo àdúgbò yìí, kò sí ẹni tó mọ eyín àtọwọ́dá tọ́jú tó mi. Orín ni mo fi ń ha á, èédú ni mo fi ń fọ̀ ọ́, omi híhó ni mo fi ń ṣan án. Eyín tí Ọlọ́run dá gan-an kò jẹ irú ìgbádùn bẹ́ẹ̀ rí.

Àfi bí mo ṣe sùn lánàá tí àlá gbé mi. Nínú àlá náà, gbọ̀ngán yìí ni mo wà, mo gbé ọmọ-ọmọ mi lọ́wọ́. Ẹ mọ àṣà ilé wa: àgbà ilé ni yóò fi eyín gé obì, tí yóò sì pe orúkọ ọmọ ketekete. Bí kò bá pè é, ọmọ kò tíì lórúkọ. Mo gbé obì sẹ́nu. Ni eyín mi bá bọ́ sílẹ̀, ó dìde, ó gbọn ara rẹ̀, ó ní, “Bàbá Dúrótoyè, mo ti pè yín lẹ́jọ́.”

Mo ní kò burú. Mo gbìyànjú láti pe orúkọ ọmọ, Sẹ̀gilọlá, láìsí i, afẹ́fẹ́ ló ń jáde bíi ti ẹni tó ń fẹ́ná. Ọmọ wò mí títí, ó ní kí n tètè lọ yanjú ọ̀ràn náà, òun kò lè máa jẹ́ “Ìwọ Yìí” dàgbà.

Mo tẹ̀ lé eyín. Ọ́fíìsì àwọn tó ń dá ẹjọ́ eyín léfòó lórí kànga ẹ̀yìnkùlé wa, orín ni wọ́n fi kan àtẹ̀gùn rẹ̀. Ọ̀gá kan tó de táì jókòó síbẹ̀. Eyín rojọ́: omi híhó ti jẹ́ kí òun lọ́, orín àti èédú ti ha òun lára, mo sì máa ń wọ òun sùn bí ẹni tó wọ bàtà sùn. Àtẹ̀gùn ní òótọ́ ni.

Ọ̀gá wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó di òbúkọ. Táì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, mo sì ń bá a lọ ní pípè é ní ọ̀gá. Ó ní òun gba eyín náà, nítorí láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni ìran àwọn kò ti ní eyín iwájú lókè. Ó ti eyín náà bọ ẹnu. Ó ní, “Sẹ̀gilọlá.” Ó dún ketekete ju bí mo ti ń pè é lọ.

Ẹ̀yin ará, ó wá ku díẹ̀ kí òbúkọ di àgbà ilé wa. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún eyín, mo ní kí ló ń fẹ́.

Ó fi ẹnu òbúkọ dáhùn: “Ọṣẹ, omi tútù, búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀. Ẹ gbé abọ́ omi sábẹ́ mi tí ẹ bá ń fọ̀ mí, kí n má baà já bọ́ kí n fọ́. Lálẹ́, ẹ jẹ́ kí n sùn nínú omi. Kí ẹ sì gbé mi lọ bá dókítà, kó tún mi wò. Ó ti sọ ọ́ fún yín, ẹ ní ọmọ àná ni.”

Mo búra. Mo jí. Ẹnu mi ṣófo. Ìyàwó mi ti yọ eyín náà níbi tí mo ti ń hanrun, ó ti fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ó ń dán nínú ife omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Mo fi í sẹ́nu, mo pe Sẹ̀gilọlá, ó jáde pérépéré. Inú mi dùn. Mo ní kí wọ́n gbé obì wá. Òbúkọ aládùúgbò wa ti jẹ ẹ́ tán. Ẹni tí a rán lọ ra òmíràn ló wà lọ́nà yìí, òun ni gbogbo wa ń dúró dè kí n tó lè pe orúkọ ọmọ.

Ìyàwó mi gbé ọmọ-ọmọ wa sí èjìká kejì.

Ó ní, “Bàbá Dúrótoyè, ẹ ti pè é.”