Oògùn Tí Mo Lò Nínú Oyún Luyando

…kí ló dé tí ọmọ tiẹ̀ kì í sunkún? Agboolé kan náà, omi kan náà, ìyá ọkọ kan náà ló wẹ àwọn méjèèjì. Luyando mi tún ń ká ẹsẹ̀ mọ́ra, ikùn rẹ̀ le gbandi. Ó tún ti yàgbẹ́ olómi sí mi lẹ́sẹ̀. Chipego ìyàwó àbúrò ọkọ mi jókòó sábẹ́ igi máńgòrò ní ọ̀ọ́kán, Mweemba rẹ̀ sùn lé e láyà. Ọmọ yẹn sanra. Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ dà bí ẹni pé wọ́n fi òwú so ó.

Oògùn yẹn ni. Àbí…

Ohun tí nọ́ọ̀sì sọ láàárọ̀ nígbà tó ń wọn àwọn ọmọ: "Oògùn apakòkòrò àrùn tẹ́ ẹ lò nínú oyún lè pa nínú àwọn kòkòrò rere tó yẹ kí ọmọ gbà lára yín sínú ìfun rẹ̀. Ó lè jẹ́ òun, ó lè má jẹ́ òun. Ẹ ṣáà máa fún un lọ́yàn, ìyẹn á ràn án lọ́wọ́."

Ó lè jẹ́. Ó lè má jẹ́. Chipego ò gbé hóró kan mì. Mábísì ló ń mu ní tiẹ̀, wàrà kíkan, igbá lórí igbá, ó ń rẹ́rìn-ín. Èmi ni àìsàn kíndìnrín rí nínú oyún. Kí ló dé tí kò mú un? Kó kàn mú un díẹ̀ —

Rárá. Mi ò rò bẹ́ẹ̀. Mo rò bẹ́ẹ̀.

Ìyá ọkọ wa lánàá: "Ti Chipego yìí, ọmọ jẹ́ẹ́ ni." Èmi ló ń wò bó ṣe ń sọ ọ́.

Dúró… Mweemba ń ké. Ó ń ké gan-an, ó ń ká ẹsẹ̀ mọ́ra. Chipego gbé e sókè, ó yí i dà, aṣọ rẹ̀ ti tutù, omi ìgbẹ́ ń kán sílẹ̀.

Ara mi fúyẹ́. Kí ló ń dùn mọ́ mi báyìí?

Lọ́jọ́ tí àìsàn yẹn le, Chipego ló tì mí lẹ́yìn nínú kẹ̀kẹ́ tí màlúù ń fà lọ sí ilé ìwòsàn ní Monze, tòun toyún, tí ibà ń gbọ̀n mí. Òun ló fi oògùn náà àti ife omi sí mi lẹ́nu. "Ẹ gbé e mì, ẹ̀gbọ́n. Àwa méjèèjì la jọ máa bí." Ká ní mi ò gbé e mì, àìsàn yẹn ì bá ti pa èmi àtoyún… ta ni ì bá máa ké lẹ́sẹ̀ mi báyìí? Ta ni ì bá gbé e?

Chipego gbójú sókè, ó ń wá mi. Ẹ̀rù ló wà lójú rẹ̀, ẹ̀rù tèmi gan-an, èyí tí mo rò pé èmi nìkan ni wọ́n fún.

Ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu mi. Ó sì ti rí i.