Ṣọ́ọ̀kì Lára Áásù Ìyá Gbémiga

Inú máa ń bí mi. Mi ò fi bò. Ròkíátù ìyàwó mi ní bí òjò bá rọ̀ màá bá òjò jà, bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé màá bá eruku jà. Kò parọ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan wà tí ìbínú mi wúlò fún, òun ni mo sì ń ṣe jẹun ní Ìbafò láti ìgbà tí Qudrah ọmọ wa ti wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀: mo máa ń diye lé áásù ọkọ̀ ńlá tòkunbọ̀. Irin gbọọrọ tó so ẹsẹ̀ ọ̀tún àti ẹsẹ̀ òsì ọkọ̀ pọ̀ nísàlẹ̀ ni, tí ikùn rẹ̀ wú láàárín, tí eyín jíà wà nínú ikùn náà. Bí ẹnì kan bá fẹ́ tà á, tí ẹlòmíràn fẹ́ rà á, tí wọn ò sì fọkàn tán ara wọn, èmi Mùsáfírù ni wọ́n ń pè. Màá wò ó, màá sọ iye tó tọ́ sí i. Ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn kó lọ mu omi tútù.

Lọ́dún 2007 tí mò ń sọ yìí, mo ní ọkọ̀ kan nílé mi ní Mówè tí kò ní ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Abúlé àwọn àna mi wà lẹ́yìn Ọbáfẹ́mi, nínú igbó gidi. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, kò sí mọ́tò tó lè débẹ̀, ẹ̀gẹ́ wọn á máa jẹrà sílẹ̀, gààrí wọn á sì wà nínú àpò títí yóò fi hu funfun. Lọ́dún 2003, mo dúró níwájú ìyá ìyàwó mi, mo fọwọ́ sọ̀yà pé màá to ọkọ̀ kan tí ẹrẹ̀ kankan ò ní lè dá dúró. Mo ra egungun lọ́rì sójà àtijọ́ kan, mo gbé ẹ́ńjìnnì sí i, mo wá áásù iwájú fún un. Tẹ̀yìn ló kù.

Áásù ẹ̀yìn tí ọkọ̀ inú igbó ń fẹ́ yàtọ̀ sí ti ọkọ̀ títì. Eyín rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa yí pẹ̀lú sùúrù, kó má yára, ṣùgbọ́n kó lágbára tó lè fa igi tu tegbòtegbò. Mo wá irú rẹ̀ fún ọdún mẹ́rin. Mo wá a dé Ìbógùn, mo wá a dé ibi tí mi ò lè sọ fún ìyàwó mi pé mo dé. Ọkọ̀ náà wà lórí bíríkì nínú ọgbà wa, Ròkíátù ń sá aṣọ sí i lára, adìẹ ń yé síbi tí dírẹ́bà yóò jókòó sí. Àwọn aládùúgbò wa tó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì ń pè é ní ọkọ̀ Nóà. Ìyá ìyàwó mi ò pè é ní nǹkan kan. Bí mo bá lọ kí i, yóò kàn bi mí pé, "Ọkọ̀ ńkọ́?", yóò sì gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìyẹn ló ń dùn mí jù.

Ó wá ku òfin kan tí mo gbọ́dọ̀ sọ fún yín. Láàárín àwa oníirin tòkunbọ̀, ẹni tó bá diye lé irin ò gbọdọ̀ rà á. Èmi náà ni mo ṣe òfin ọ̀hún. Lọ́dún 2001, Bádéjọ, tó ń ṣe irú iṣẹ́ mi ní Ifọ̀, lọ diye lé áásù bàbá arúgbó kan tó ń jẹ́ Ọláwuyì. Ó ní irin jíjẹ ni, kò tó owó kankan. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì, a rí áásù yẹn nídìí lọ́rì Bádéjọ fúnra rẹ̀, ó ń lọ geerege. Lọ́jọ́ ìpàdé ẹgbẹ́, mo lu tábìlì títí ìgò míńírà fi wó. Mo ní láti òní lọ, ẹni tó bá diye lé irin ò gbọdọ̀ rà á, ìyàwó rẹ̀ ò gbọdọ̀ bá a rà á, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ò gbọdọ̀ bá a rà á. Ẹnì kan wá béèrè pé, níbo gan-an la ó ti mọ̀ pé èèyàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í diye? Mo ní ibi tí ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ bá ti kan irin. Ṣọ́ọ̀kì ẹ bá ti kàn án, o ti di ẹni tó ń diye lé e nìyẹn, kò sí àlàyé. Gbogbo wọn fọwọ́ sí i, Bádéjọ náà fọwọ́ sí i. Láti ọjọ́ yẹn ni ò ti kí mi mọ́, èmi náà ò sì kí i.

Ó di oṣù kẹta ọdún 2007, Ìyá Gbémiga ránṣẹ́ sí mi láti Ifọ̀. Ìbíwùnmí lorúkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ló fi lọ́rì gbé gẹdú títí ọlọ́jọ́ fi dé. Wọ́n ti ta lọ́rì náà ní wẹ́wẹ́, ó wá ku áásù ẹ̀yìn, ó sì fẹ́ tà á kó fi ṣe òrùlé ilé tó ń jò. Ó ní òun mọ Bádéjọ tó wà nítòsí, ṣùgbọ́n wọ́n ní ẹnu tèmi kì í parọ́. Mo gba Àkútè lọ, mo ń bá kọ́ńdọ́ ọkọ̀ jà lórí ṣéńjì títí mo fi débẹ̀.

Abẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìn ilé ni áásù náà wà, wọ́n gbé e lé orí igi méjì, wọ́n sì ń sá abọ́ sí i lórí. Ìyá Gbémiga kó abọ́ kúrò, ó ń fi ìró nu irin náà bí ẹni ń nu ọmọ. Ó sọ fún mi pé bí ọkọ òun bá ń ti igbó bọ̀, irin yìí máa ń dún lọ́nà kan báyìí, bí ẹni tó ń kọrin sínú. Bí òun bá ti gbọ́ ọ ní kọ́nà, òun á gbé omi kaná. Kí ọkọ òun tó páàkì, omi ìwẹ̀ á ti gbóná. Mo ní, ìyá, irin ni mo wá wò. Mo ti kúkú sọ fún yín pé inú máa ń bí mi.

Mo tú nọ́ọ̀tì abẹ́ rẹ̀, mo jẹ́ kí ọ́ìlì kán sí àtẹ́lẹwọ́ mi. Dúdú ni, ṣùgbọ́n kò sí irin wẹ́wẹ́ tó ń dán nínú rẹ̀. Mo gbóòórùn rẹ̀, kò rùn bí ohun tó jóná. Mo na okùn láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì, irin náà ò wọ́ rárá. Ìgbà yẹn ni mo yọ ṣọ́ọ̀kì, mo fa ìlà kan síbi tí wọ́n ń de táyà mọ́, mo fa èkejì sí ẹnu ikùn, níbi tí irin tó ń ti ọ̀dọ̀ ẹ́ńjìnnì bọ̀ ń kì bọ̀. Mo fẹ́ ka iye ìgbà tí ẹnu ikùn yóò yí kí ẹsẹ̀ tó yí lẹ́ẹ̀kan; bí iye náà bá ṣe pọ̀ tó ni sùúrù àti agbára irin náà ṣe pọ̀ tó. Ìyá Gbémiga ní òun mọ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ọkọ òun máa ń pe òun dúró tì í. Ó di ẹsẹ̀ òsì mú, mo di ti ọ̀tún, a jọ ń yí i pọ̀.

Ti ọkọ̀ títì, bí ó bá yí mẹ́rin, bí ó pọ̀ jù márùn-ún, ìlà ẹsẹ̀ á ti padà sípò. Eléyìí yí márùn-ún. Ó yí mẹ́fà. Ìlà ẹsẹ̀ ò tíì dé. Ó di ìgbà keje kó tó padà síbi tí mo ti fà á.

Ohun tí mo ti ń wá láti ọdún mẹ́rin nìyí, abọ́ ni wọ́n ń sá lé e lórí. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ gbá Ìyá Gbémiga mọ́ra. Àfi bí mo ṣe wo ọwọ́ mi tí mo rí ṣọ́ọ̀kì. Mo wo ara irin, mo rí ìlà mi méjèèjì, funfun báláú. Ẹni da eérú leérú ń tọ̀.

Mo jókòó sórí gbòǹgbò máńgòrò. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ ohun tí mo rò. Mo rò pé mo lè sọ pé irin jíjẹ ni, kí n wá rán ẹnì kan láti Mówè kó wá rà á tó bá pẹ́ díẹ̀. Mo tún rò pé bí ìyá bá lọ bu omi wá, mo lè nu ṣọ́ọ̀kì náà kúrò, kí n ní mi ò tíì bẹ̀rẹ̀. Ta ni yóò mọ̀? Mo ro gbogbo rẹ̀ dáadáa, kò ku ibì kan. Ojú wá tì mí, nítorí Bádéjọ gan-an ni mo ń dà yẹn.

"Bàbá Qudrah, ẹ ò sọ̀rọ̀," ni Ìyá Gbémiga wí. "Ṣé kò dáa ni?"

"Ó dáa jù. Èmi gan-an ni mo fẹ́ ẹ, ojúkòkòrò ti wọ̀ mí, iye tí mo bá sọ ò ní tọ́. Bẹ́ẹ̀ ni mi ò lè rà á, torí ṣọ́ọ̀kì mi ti kàn án. Ẹ ránṣẹ́ pe Bádéjọ."

Bí mo ṣe sọ ọ́ tán ni mo fẹ́ gé ahọ́n ara mi jẹ. Ẹnu òrofó ní í pa òrofó. Ṣùgbọ́n ìyá ti pe ọlọ́kadà kan, ó ti rán an.

Bádéjọ dé, ó kí ìyá dáadáa, ó wò mí kọjá bí ẹni wo ògiri. Ó tú nọ́ọ̀tì tí mo tú, ó na okùn, ó gbóòórùn ọ́ìlì. Nígbà tó dé ìdí ìlà funfun, ó dúró. Ó béèrè pé ṣọ́ọ̀kì ta nìyí. Mo rí i pé Ìyá Gbémiga ti ń la ẹnu láti sọ pé tòun ni, mo yára gbà á lẹ́nu rẹ̀.

"Tèmi ni. O sì mọ òfin."

Ó ní ṣé kí òun má mọ̀ ọ́n ni, nígbà tó jẹ́ pé torí òun ni wọ́n ṣe é. Lẹ́yìn náà ló bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi irin náà ṣe. Mo sọ fún un. Mo sọ ti ẹrẹ̀, mo sọ ti adìẹ, mo sọ ti "Ọkọ̀ ńkọ́?" Ẹ̀rín fẹ́ yọ lẹ́nu rẹ̀, ó gbé e mì. Ó wá fa àkísà tó ń rùn fún kẹrosíìnì yọ lápò, ó bẹ̀rẹ̀, ó nu ìlà mi kan kúrò, ó nu èkejì. Ó mú ṣọ́ọ̀kì tirẹ̀, ó fa ìlà sójú ibẹ̀, òun ló ń diye lé e báyìí, kì í ṣe èmi mọ́.

"Áásù Bàbá Ọláwuyì," ó wí, kò gbójú sókè. "Mo fẹ́ ẹ bí o ṣe fẹ́ eléyìí gẹ́lẹ́. Ohun tó o sọ lónìí náà ló yẹ kí n sọ. Mi ò lè la ẹnu."

Ọdún mẹ́fà ni mo ti fi to èébú sílẹ̀ de ọkùnrin yìí. Mo kàn di ẹsẹ̀ ọ̀tún mú, ó di ti òsì, a yí i, ó kà á di méje.

Ó wá sọ iye rẹ̀: ọgọ́jọ ẹgbẹ̀rún náírà. Háà! Ohun tó sì bí mi nínú ni pé iye tó tọ́ ni, èmi náà ì bá sọ bẹ́ẹ̀. Kò dín kọ́bọ̀ kan fún mi. Mo ta jẹnẹrétọ̀ wa kí n tó lè san án pé, àtùpà ni Ròkíátù fi ń ṣiṣẹ́ ilé lálẹ́ fún oṣù mẹ́ta, kò ráhùn, torí abúlé ìyá rẹ̀ ni ọkọ̀ náà wà fún. Mo gbọ́ pé Bádéjọ lọ sílé Bàbá Ọláwuyì lọ́sẹ̀ yẹn. Mi ò bi í ní ohun tó gbé dání lọ. Ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e, òun ló dìde pé kí á fi nǹkan kún òfin: bí ẹni tó ń diye bá jẹ́wọ́ kó tó dárúkọ owó, ẹlòmíràn lè nu ṣọ́ọ̀kì rẹ̀. Èmi ni mo kín in lẹ́yìn. Àwọn ara ẹgbẹ́ rò pé a ti mutí.

Ọkọ̀ Nóà sọ̀ kalẹ̀ lórí bíríkì nínú oṣù kẹfà, nígbà tí òjò ń rọ̀ láràárọ̀. Adìẹ mẹ́ta ló bínú sí mi. A wakọ̀ gba Ọbáfẹ́mi wọnú igbó, ẹrẹ̀ dé ìdajì táyà, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ń yí díẹ̀díẹ̀ bí arúgbó tó ń jẹ obì, kò dúró níbì kankan. Ìyá ìyàwó mi dúró lẹ́bàá ọ̀nà, ó ká ọwọ́ lérí. Mo yọrí lójú fèrèsé, mo ní, "Ìyá, ọkọ̀ ńkọ́?" Ó kàn ní kí Ròkíátù sún, ó gun iwájú, ó jókòó.

A kó ogójì àpò gààrí lọ́jọ́ yẹn. Lọ́jọ́ kejì, mo ní ká gbé díẹ̀ lọ tà ní Ifọ̀, kí Ìyá Gbémiga náà sì rí ibi tí irin rẹ̀ wà. Bádéjọ pàdé wa lójú ọ̀nà, ó gòkè wọnú ọkọ̀, ó ní òun fẹ́ gbọ́ ohùn jíà. Mo ti ń múra láti fun fèrè bí a bá dé ẹnu ilé Ìyá Gbémiga, kó lè mọ̀ pé àlejò dé. Mi ò tíì fun un tí mo fi rí i tó ti dúró níta, omi ń kán lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń wo ọkọ̀ wa bí ẹni tí kò mọ ibi tó wà.

"Mo gbọ́ ọ ní kọ́nà," ó ní. "Mo ti gbé omi kaná kí n tó rántí."

Èmi tí mo sọ pé irin ni mo wá wò, mo pa ẹ́ńjìnnì. Ròkíátù sọ̀ kalẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ìyá Gbémiga fi etí ìró nu ojú, ó ní omi náà ti fẹ́ hó, kò ní ṣòfò. Bádéjọ gbé àpò gààrí kan sọ̀ kalẹ̀ láti ẹ̀yìn ọkọ̀, ó tú ẹnu rẹ̀, ìyá sì fi omi náà tẹ ẹ̀bà fún gbogbo wa.