Ọnọ́rébù Jókòó Sórí Àpótí Mi

Ìwé ìròyìn ló dá a sílẹ̀. Wọ́n gbé àwòrán ilé Ọnọ́rébù, ọ̀gá ọkọ mi, sójú ewé àkọ́kọ́: òun àti ìyàwó rẹ̀ nìkan ló ń gbébẹ̀, ìyàwó sì wà ní ìrìn àjò; yàrá rẹpẹtẹ, àti yàrá kan gbáko tó jẹ́ pé bàtà nìkan ló ń gbébẹ̀, tòun ti ẹ̀rọ amúlétutù. Wọ́n wá kọ ọ́ gàdàgbà pé: "BÀTÀ Ń GBATẸ́GÙN, ÀWỌN TÓ DÌBÒ Ń LÀÁGÙN!"

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Àṣé ọrùn mi ni ẹ̀rín ọ̀hún ń bọ̀ wá gùn.

Ọkọ mi wọlé. "Ìyá Ìbejì, jọ̀ọ́, ọ̀gá mi fẹ́ yá ilé wa."

"Kí ló fẹ́ yá?"

"Ọ̀sán kan péré. Ó ti sọ fáwọn akọ̀ròyìn pé irọ́ ni wọ́n ń pa, pé pálọ̀ kan, yàrá kan lòun ń gbé."

"Bàbá Ìbejì, ṣé orí yín pé? Aṣọ ìgbéyàwó nọ́ọ̀sì wà lórí máṣíìnì mi, Sátidé ló sì fẹ́ wọ̀ ọ́! Tí n kò bá rí i rán, ta ló tún máa gbé aṣọ fún mi?"

"Tí mo bá sọ pé rárá, ta ló máa gbé mọ́tò fún mi wà?"

Mo gbà, mo sì sá sí kíṣìnnì.

Àwọn akọ̀ròyìn ya wọlé bí àgbàrá. Ọnọ́rébù jókòó sórí àpótí mi nídìí máṣíìnì, ikùn ń ti tábìlì.

"Sà, máṣíìnì ta nìyí?"

"Tèmi ni. Èmi ni mò ń rán aṣọ ara mi, kówó ìlú má baà ṣòfò."

Irọ́ ò tíì délẹ̀ tí nọ́ọ̀sì fi kanlẹ̀kùn. "Àǹtí Télọ̀ dà? Mo wá dán aṣọ mi wò."

Ní kíṣìnnì, mo ní nínú ara mi pé àṣírí ti tú. Àfi bí Ọnọ́rébù ṣe fi téèpù kọ́ ọrùn: "Ọmọ mi, súnmọ́bí. Ọrùn aṣọ ló kù." Kí n tó pariwo, ó ti ki sísọ́ọ̀sì bọ aṣọ funfun. Ọrùn aṣọ fẹ̀ bí ọmọrí ìkòkò. Nọ́ọ̀sì tí kì í bẹ̀rù ẹ̀jẹ̀ dákú gbọnrangandan.

"Ayọ̀ ló gbé e ṣubú!" ni akọ̀ròyìn kan wí, gbogbo wọn pàtẹ́wọ́.

Lọ́jọ́ kejì, ìwé ìròyìn pè é ní Onírẹ̀lẹ̀. Ìyọnu dé! Àwọn akọ̀ròyìn ò lọ mọ́, wọ́n dúró pa sẹ́nu ọ̀nà ilé wa, wọ́n fẹ́ rí bí onírẹ̀lẹ̀ ṣe ń gbálẹ̀. Ọnọ́rébù ò lè jáde, èmi ò lè débi máṣíìnì mi. Ni ọkọ mi bá kó èmi àti ìbejì lọ sílé ńlá Ọnọ́rébù, mo sì sùn láàárín bàtà. Ilẹ̀ mọ́, mo ń sá aṣọ ọmọ lórí ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè, mo rí i tí iná kámẹ́rà bù yẹ̀rì.

Ìwé ìròyìn tún gbé e jáde: "ONÍRẸ̀LẸ̀ KỌ́LÉ ŃLÁ FÚN ÀLÈ!"

Èmi? Àlè? Mo pọn ọmọ kan, mo fa èkejì lọ́wọ́, ó di ilé mi.

"Ẹ̀yin akọ̀ròyìn, ẹ gbé kámẹ́rà yín dáadáa! Pálọ̀ mi nìyí. Máṣíìnì mi nìyẹn. Ọkọ mi ló ń wa ọkọ̀ rẹ̀. Ọnọ́rébù, ẹ dìde lórí àpótí mi!"

Ọkọ mi fọwọ́ bojú: iṣẹ́ ti lọ. Ṣùgbọ́n Ọnọ́rébù dìde, ó gbá ọwọ́ mi mú. "Òótọ́ ló sọ! Màdáàmù, ẹ gbà mí, ẹ tún un wí sókè. Ìyàwó mi ti ka ìwé ìròyìn, ó ti ń bọ̀!"

"Iṣẹ́ ọkọ mi ńkọ́?"

"Ta ló ní kó fiṣẹ́ sílẹ̀?"

"Aṣọ tí ẹ bà jẹ́ ńkọ́?"

Ó fi téèpù ọrùn rẹ̀ nu òógùn.

"Léèsì ojú fèrèsé ilé ńlá yín ni mo máa fi dí ọrùn yẹn. Ẹ jókòó sílẹ̀, ẹ máa tú òwú ọrùn tí ẹ gé."

Ọnọ́rébù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń fi abẹ́rẹ́ tú òwú, ìbejì gun ẹ̀yìn rẹ̀. Akọ̀ròyìn na ẹ̀rọ sí i lẹ́nu.

"Sà, ìgbà wo lẹ máa padà sílé?"

Ó wojú mi. "Ẹ bi ọ̀gá mi."

Mo gbé aṣọ sókè, mo yẹ̀ ẹ́ wò. "Etí ìsàlẹ̀ ṣì kù."